Sàréè Lórí Ilẹ̀ Tí Mo Rà ní Èjìnrìn

"Ọmọ mi, níbo lo wà? Wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ o!"

Ìyá tó ń dáko gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ mi ní Èjìnrìn ló pè mí lórí fóònù. Mo wà nínú yàrá kan tí mo háyà ní Ìkòròdú, mo ń múra ibi iṣẹ́.

"Ṣé ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́, mà?"

"Ìpìlẹ̀ kọ́. Sàréè ni. Bàbá tó tà á fún ẹ ló kú ní ìdájí. Wọ́n fẹ́ sin ín kí ìrun Àsárì tó tó."

Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tí wọ́n bá sin bàbá sí ti di tọmọ bàbá. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò kọ́lé sí i. Ìwé tí bàbá náà fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìwé kì í hú òkú.

Ilẹ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò ilẹ̀. Ọ̀dọ́ oníròyìn ni mí nígbà náà, owó oṣù mi kò tó nǹkan, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ pé ilẹ̀ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ń gbówó lórí: rà á, fi í sílẹ̀, tà á, fi èrè rẹ̀ ra méjì. Ìyá mi ní Ọ̀ṣun ta oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. "Ilẹ̀ ni mo fi pààrọ̀ ilẹ̀ o," ló wí. "Má jẹ́ kí n fọwọ́ òfo lọ bá bàbá ẹ."

Lọ́jọ́ tí mo sanwó tán, bàbá tó ta ilẹ̀ náà mú mi rìn yí i ká. "Fi nǹkan sí i," ó ní. "Kódà kó jẹ́ búlọ́ọ̀kù díẹ̀. Ilẹ̀ tí kò bá ní nǹkan lórí, gbogbo ayé ló ni ín." Mo rẹ́rìn-ín. Owó tí n bá fi ra búlọ́ọ̀kù, mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fi ra ilẹ̀ kejì. Koríko ló hù bo èyí tí mo ní.

Mo wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkín. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní oríta Èjìnrìn, mo gun ọ̀kadà, mo ń pariwo pé kó sáré.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìyàwó yín ń rọbí ni?"

"Wọ́n fẹ́ sin òkú sórí ilẹ̀ mi!"

Ọlọ́kadà dẹwọ́ eré. "Háà. Ẹni tó bá ń bá òkú du ilẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ o."

Wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán kí n tó dé, ní àárín gbùngbùn. Àkọ́bí bàbá náà, tó ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀pẹ́, dúró lórí òkìtì erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ìṣojú yín ni bàbá ti tà á fún mi."

"Mo mọ̀ ẹ́. Oníròyìn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín."

"Ọ̀sà ti gba ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣé kí bàbá mi máa lúwẹ̀ẹ́ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ fún mi ní ilẹ̀ mìíràn, nígbà náà. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn."

"Èwo ló kù? Gbogbo àwọn tó rà lọ́wọ́ wa ló ti kọ́lé. Tìẹ nìkan ló ṣófo. Àbí kí n wó ilé onílé?"

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ́ sínú sàréè náà. Erùpẹ̀ tútù dé èjìká mi.

"Mi ò jáde! Ilẹ̀ mi ni!"

"Ẹ fi í síbẹ̀," ẹnìkan kígbe, "kí wọ́n jọ sùn!"

Wọ́n ti kírun sí òkú lára tán. Wọ́n gbé e dé nínú aṣọ funfun. Àfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ihò, ó wò mí.

"Mùsùlùmí ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àfáà."

"Òkú ò lè dúró kí ẹ parí ẹjọ́. Bí o kò bá ní í jáde, na ọwọ́ ẹ. Gbà á."

Mo wo àkọ́bí rẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ti di orí aṣọ náà mú, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Mo na ọwọ́. Bàbá náà fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún," Àfáà ń wí lókè. "Kọjú ẹ̀ sí Gábàsì. Rọra."

Mo tẹ́ ẹ. Àkọ́bí rẹ̀ ló fà mí jáde. Ó na ṣọ́bìrì sí mi, mo sì bá wọn da erùpẹ̀ bò ó.

Ní oríta, mo pe ìyá mi. Mo sọ fún un pé bàbá tó ta ilẹ̀ fún wa ti kú.

"Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ," ló wí. "Èèyàn dáadáa ni. Ibo ni wọ́n sin ín sí?"