Ìkúnlẹ̀ Mi ní Ibùdó Rélùwéè Orí Òpó

Ìró ẹ̀rọ tó ń fọ́ kọnkéré ló jí mi ní Sátidé tó kọjá. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí i pé ibùdó rélùwéè tó wà lórí òpó gíga ládùúgbò wa, nítòsí College Park ní Amẹ́ríkà níbí, ti di àlàpà. Ó yẹ kó dùn mí. Kí n má parọ́, ńṣe ni inú mi ń dùn, nítorí ọjọ́ tí màmá dádì mi kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ kò gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ rí, ibẹ̀ ga! Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo kéré. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ilẹ̀ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà wa, atẹ́gùn á gbá wa lójú, àwọn bàálù á sì máa sọ̀kalẹ̀ lókè bí ẹni pé orí wa ni wọ́n fẹ́ bà lé.

Mọ́tò dádì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà, ni wọ́n bá lọ fi ọkọ̀ ojú irin mú Màmá wá láti pápákọ̀ òfurufú. Èmi àti mọ́mì dúró dè wọ́n lókè. Mi ò rí Màmá rí àfi nínú fọ́tò. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ìkúnlẹ̀, torí mọ́mì ti kìlọ̀ fún mi: "Bí o bá dúró gbagidi bí òpó iná, Màmá á ní ọmọ òyìnbó ni mo bí fún ọmọ òun." Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí Màmá gbà pé ọmọ òun ni mí.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ìyá àgbà kan tó wé orí sọ̀kalẹ̀. Mo sáré, mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, Màmá!"

Ìyá náà figbe ta. Ọmọ Amẹ́ríkà ni; ó rò pé mo ṣubú ni. Ó fà mí dìde, ó ń gbọn orúnkún mi, ó ń pè mí ní "baby, baby." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí dádì, pẹ̀lú obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì mọ́yà. Màmá nìyẹn.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́. Màmá wò mí, wọ́n wo ìyá yẹn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àgbà ló rí, àgbà ló kí. Ọmọ mi ni, kò sírọ́ ńbẹ̀!" Wọ́n wá kọjú sí ìyá náà, wọ́n fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ẹ ṣé o, tí ẹ bá mi gba ìkíni mi."

Ìyá yẹn kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ó ṣáà dì mọ́ Màmá. Mọ́mì ní àwọn méjèèjì sunkún. Mi ò rántí ìyẹn, nítorí náà mi ò ní sọ pé mo rí i.

Wọ́n ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ tuntun sí. Ó ṣeé ṣe kó rọrùn fún àwọn àgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọnkéré tí mo rò pé kò lè wó láéláé ti wó ní òwúrọ̀ kan. Mo pe Màmá lórí fóònù ní Ìbàdàn, níbi tí ọ̀sán ti pọ́n, mo ní, "Ẹ káàsán, mà," mo sì ròyìn fún wọn.

"Wọ́n ti wó o? Ibi tí o ti fi mí sílẹ̀, tí o lọ kí ìyá oníyàá?"

"Ibẹ̀ náà ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìpè lásán ni, kò sí fídíò níbẹ̀.

"Ṣé o kúnlẹ̀ kí o tó kí mi ṣá?"

Mo wo ilẹ̀. Orí orúnkún ni mo wà lóòótọ́, mi ò sì mọ ìgbà tí mo débẹ̀.

"Mo kúnlẹ̀, mà."

"Ó dáa. Dìde."