Igi Tó Kúnlẹ̀

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ Sátidé náà. Ìyá mi ti sá aṣọ eré mi sórí okùn lẹ́yìnkùlé wa ní Òkèrèwè: bébà àpò sìmẹ́ńtì tí a fi sítáàṣì lẹ̀ pọ̀, tí a wá fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn. Ìrì ti sẹ̀ sí i, ó ń rùn bí ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, igi sì ni mí.

Ẹ ó rántí eré náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé Ifẹ̀ nígbà yẹn: eré ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé ẹyẹ kan wọ igbó àwọn igi tó ń sọ̀rọ̀. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ eléré àdúgbò máa ń ṣe é ní gbọ̀ngàn ìlú nígbà ọlidé. Mo ti sọ fún gbogbo agbo ilé wa pé èmi ni n ó ṣe ọmọbìnrin náà, kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni rárá. Rẹ̀mí, ọmọ tíṣà yunifásítì kan, ni Bọ̀dá Láyí tó ń darí eré mú. Nígbà tó rí i pé omi ti ń lé ròrò lójú mi, ó ní, "Igi kan ò lè dá igbó ṣe, àmọ́ igbó gbọ́dọ̀ ní igi àkọ́kọ́. Ìwọ nìyẹn." Bí orúkọ mi ṣe di Igi Gogoro nínú agbo ilé nìyẹn. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti ìdí kànga, àwọn ọmọ á fọwọ́ bojú: "Má gùn wá lójú o!"

Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni igi tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Ọmọ ènìyàn, ta ló rán ọ wá síbí?" Rẹ̀mí á fara tì mí, á máa sunkún, gbogbo èrò á ti gbà pé bébà lásán ni wá, n ó wá fọhùn. Bọ̀dá Láyí ní ibẹ̀ gan-an ni adùn eré wà. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ mira kí Àjíkẹ́ tó fọhùn. Ẹ̀yin igi yòókù, ohun tí igi àkọ́kọ́ bá ṣe ni kẹ́ ẹ máa ṣe." Mo fi gbólóhùn yẹn fọ abọ́, mo fi gbálẹ̀, mo fi lé adìyẹ ìyá mi kúrò nídìí ògì.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni yóò wí bí orúnkún mi ò bá tètè kanlẹ̀ níwájú àgbà. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúnkún mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju orí mi lọ.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fa aṣọ ìkélé. Eṣinṣin bà lé mi nímú, mi ò mira. Rẹ̀mí sunkún dé ọ̀dọ̀ mi, ó fara tì mí. Mo ti ń yanu láti fọhùn nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, tí ìyá ìyá mi wọlé. Ẹdúnàbọ̀n ló ti ń bọ̀, mọ́tò ló dá a dúró, iwájú ìtàgé gan-an ló sì gbà kọjá. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Orúnkún mi ò bi mí léèrè. Bébà ya fàà. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá!" Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ fàà míì, àti òmíràn, títí gbogbo igbó fi kúnlẹ̀. Àwọn igi tó jẹ́ ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá àgbà dúró. "Àjíkẹ́ mi, ṣé kò sí o? Ta ló sọ ẹ́ di igi?"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Mo wá gbólóhùn mi títí, mi ò rí i. Rẹ̀mí ń fi ìgúnpá gún mi: "Sọ ọ́! Sọ ọ́!" Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ kú ìrìn, mà."

Lọ́jọ́ kejì tí a tún eré náà ṣe, igi mìíràn ló sọ gbólóhùn mi. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n fi mí sí, kí n máa mi ewé bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́. Ó dùn mí wọra, mo sunkún títí imú mi fi dí. Mo rò pé ìyá mi á bínú nítorí ọ̀dà tó ṣòfò, ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀lì ló rà fún mi. "Eré á tán," ó ní. "Ẹni tó o kí ló máa kù."

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá pè mí lórí fóònù, orúnkún mi ṣì máa ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa wò mí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi ṣe òkúta nínú eré ilé ìwé rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi pẹ́ dé, tí mo sì fi gba iwájú ìtàgé kọjá. Mo tilẹ̀ wúkọ́. Òkúta ò mira. Nígbà tó kàn án, ó fọhùn, àwọn èèyàn sì ta gìrì lórí ìjókòó wọn. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Nínú ọkọ̀, mo ní, "Ṣé o ò rí mi nígbà tí mo wọlé ni?"

"Mo rí yín, Mọ́mì. Òkúta ni mí nígbà yẹn."

Ọmọ náà ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe, inú mi sì dùn sí i gan-an. Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò títí a fi délé, bóyá yóò kí mi.