Háàdì Tó Ń Ṣàìsàn Nílé Àǹtí Mi

Àbúrò ìyá mi ni ó gbé háàdì kọ̀ǹpútà kan wá bá mi, ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun. Inú rẹ̀ ni ohùn ìyá wọn tó ti kú wà, níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wọn. Kò sí ẹni tó mọ oríkì náà mọ́ láyé. Sabon Gari nílẹ̀ Hausa ni wọ́n bí àǹtí mi sí. Bí ìyá rẹ̀ bá ń kì í láàárọ̀, Hausa ló fi ń dá a lóhùn pé òun ti ń pẹ́. Ní báyìí ọmọ rẹ̀ ti bímọ, ó sì fẹ́ ki oríkì náà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n háàdì kò ṣí mọ́. Kík, kík, kík ló ń dún.

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ń dún báyìí.

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń tọ́jú rẹ̀ o. Àràárọ̀ ni mò ń tàn án, kí n mọ̀ bóyá ó jí."

Kì í ṣe òun nìkan. Nínú àgbàlá wọn, a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ láìkí. Ọkùnrin tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà á yọjú, á ní "Ya jiki?", bí àwọn Hausa ti ń béèrè ara ẹni tí kò yá, àǹtí mi á sì tan háàdì kí àlejò lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí. Bí wọ́n ti ń kí i ni ohùn rẹ̀ ń há sí i. Aládùúgbò kan, tó ti ń jẹ́ injiníà láti ọjọ́ tó ti ra súkúdíráìfà lọ́jà Fagge, ní kí wọ́n gbé e sínú fíríìsà. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹja tó kún inú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má tàn án mọ́. Bí ẹ ṣe ń tàn án yẹn lẹ ń pa á."

"Kai. Ṣé kí n pa aláìsàn tì ni?"

Mo ní Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, ni màá fi wò ó. Ohun tí àwa tó ń lo Linux fi jọ àwọn tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù ni pé a kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó tán kí a tó sọ ọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi tẹ̀lé e lọ sílé rẹ̀, mo ṣí ojú dúdú tí lẹ́tà funfun ń sá lórí rẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn akíni, mo sì wọ awò ojú tí n kò nílò. Injiníà dúró lẹ́yìn mi, ó ń mi orí sí ohun tí kò yé e.

Ddrescue ni orúkọ irinṣẹ́ tí mo lò. Kì í ṣí fáìlì kankan. Ńṣe ló ń da gbogbo inú háàdì kọ sórí òmíràn tí ara rẹ̀ le. Ibi tó rọrùn ló ń kọ́kọ́ kó. Bó bá kan ibi tó ti bàjẹ́, á fò ó, á padà wá bẹ̀ ẹ́ tó bá kó ìyókù tán. Iná lọ, iná dé, ó ṣì rántí ibi tó dúró.

Injiníà ní, "Kí ló dé tí kò kojú ibi tó le yẹn ná?"

"Bí ìyàwó yín bá ń bínú, ṣé ibi tó ti ń dùn ún lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?"

Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó parí, mo wá fáìlì náà lórí ẹ̀dà tuntun, ohùn ìyá àgbà sì jáde, ó ń fa ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń fà á. Àǹtí mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ a-bọ́-sọ́nà-má-wẹ̀yìn," ni ìyá àgbà wí, ohùn sì gé kúrú, ó tó ká mí sínú ká tún mí síta, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo dá irinṣẹ́ náà padà síbi tó bàjẹ́ yẹn léraléra, títí háàdì fi dákẹ́ pátápátá.

"Ó tó. Na gode," ni àǹtí mi wí, ó fi Hausa dúpẹ́.

Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dáná, bó ṣe ń gbálẹ̀, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó gbé ọmọ sọ́wọ́, ó sì kì í dáadáa. Nígbà tó dé ibi tó gé, ó dákẹ́, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì ń bá a lọ.

Bàbá kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí kò sí àṣà tí kò mọ̀, tẹ̀ síwájú. "Ikọ́ yẹn ńkọ́, ìyá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kì í nílé wa, bàbá."

Bàbá náà mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ rí."