Ilé Ìdáná inú Ọgbà Mímọ́

Ẹni tó sọ pé inú ọgbà ilé àdúrà ni ká gbé ilé ìdáná àdúgbò wa sí, mo mọ̀ pé onítọ̀hún kò tíì fi ẹnu fẹ́ iná rí. Àwa obìnrin Ore ni a dá a sílẹ̀. Ó ti sú wa pé ìrẹsì inú àpò láti ọ̀nà jíjìn là ń jẹ lójoojúmọ́, tí gbágùúdá abúlé Ajue àti Araromi-Obu sì ń jẹrà sóko, àfi èyí tí àwọn alárọ́bọ̀ bá rà lówó pọ́ọ́kú. A ní a ó máa rà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gan-an, a ó máa sè é, ẹni tó bá lówó á sanwó, ẹni tí kò ní á bá wa fọ ìkòkò.

Bí a ṣe ń wá àyè ni alàgbà ilé àdúrà wa yọjú. Ó ní òun ní pápá lẹ́yìn ilé. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fi agogo àti òróró ya ààrò sí mímọ́, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di olùdásílẹ̀. Òfin dé: ká bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, kí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù má sì wọlé. Ilé ìdáná tó jẹ́ obìnrin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Bó bá kan ọ̀kan nínú wa, á jókòó sílé, èyí tó kù á máa ro méjì. A gbà bẹ́ẹ̀, torí bí ìyá wa ṣe ṣe náà nìyẹn, a kò sì bi ara wa léèrè ohun tí Ọlọ́run ń wá nínú ìkòkò ọbẹ̀. Òmùgọ̀ ni wá.

Ó di ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Láti àárọ̀ ni alàgbà ti wọ aṣọ funfun, ó ń rìn káàkiri bí ẹni pé òun ló bó gbágùúdá. Obìnrin kan láti Ajue, tó ti fi alárọ́bọ̀ sílẹ̀ tìtorí àdéhùn wa, gun ọ̀kadà dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ pùpùrù ńlá, gbágùúdá tó ti rẹ, tó fún, tó mọ róbótó, tó sá sórí àjà títí eèpo rẹ̀ fi dúdú fún èéfín. Òjò ti ṣú. Bó bá wọ pùpùrù náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Alàgbà dá a dúró lẹ́nu géètì. "Ṣé ara yín mọ́?"

Ọmọlúwàbí ni obìnrin náà, kò mọ irọ́ pa. Ó ní kò mọ́.

Mo ní ká kàn gba apẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà ní rárá, ọwọ́ ẹ̀ ló mọ ọ́n, kò gbọdọ̀ kan ìkòkò mímọ́. Ojú mi ṣókùnkùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa tí obìnrin yìí kan náà kó wá nígbà ìkórè, ta ló bi í léèrè ìgbà tó fọwọ́ kàn wọ́n?

"Baba, ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin náà wí, "òjò rèé. Tí mọ bá gbé e padà s'ulí, ó bàjẹ́. Mé è ní nǹkan mìíì."

Alàgbà gbé ojú sókè ọ̀run. Ó ń fi iṣẹ́ odindi oṣù kan ṣòfò, ó sì ń gbé ojú sókè ọ̀run! Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì ní fi orúkọ mìíràn pe ìkórìíra náà.

Mo ju orógùn sílẹ̀. Mo ní, "Alàgbà, ara tèmi náà ò mọ́."

Ó wò mí láti irun orí mi funfun dé ẹsẹ̀. "Ìyá, ní ọjọ́ orí yín?"

"Ó padà dé."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó ní tòun náà ti dé. Lẹ́ẹ̀kan náà ló kan gbogbo wa. A gbé ìkòkò kúrò lórí ààrò mímọ́, a gbé apẹ̀rẹ̀ lérí, a sọdá títì lọ sí abẹ́ páànù iwájú ilé mi. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe gbé e wọlé. A ha eèpo dúdú náà kúrò, a gún un, a jọ̀ ọ́, a rò ó. Ọbẹ̀ marúgbó ti ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn àlejò kò tilẹ̀ dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n gba inú òjò tẹ̀lé òórùn ọbẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Kò pẹ́ tí alàgbà fi tẹ̀lé wọn, aṣọ funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ń ṣàlàyé fún wọn bí Ọlọ́run ṣe fi ilé ìdáná yìí hàn án lójú àlá.

Mo fẹ́ lé e. Obìnrin Ajue ti ṣáájú mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé òkèlè pùpùrù sínú àwo, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó sì gbé e lé alàgbà lọ́wọ́. Alàgbà jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó sì na àwo sí i padà pé kó tún fi díẹ̀ sí i.