Ọwọ́ Méjì Kọ́múrédì Akínlabí

Gbogbo Lugbe ní Abuja ló mọ ìtàn ẹ̀wà yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì, Kọ́múrédì Akínlabí, wẹ́dà ará Ìkìrun tó jẹ́ olórí ajìjàgbara wọn, lọ dúró síwájú katapílà. Ó ní àfi kí wọ́n gba orí òun kọjá. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Ọmọ́níkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ni.

"Bàbá Jọlá, ta ló gbé ẹ̀wà kaná tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

Ojora mú akọni. Ó bẹ awakọ̀ katapílà pé kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀, torí òun ló kàn láti dáná lọ́jọ́ náà.

"Kai! Na madam?" ni awakọ̀ náà wí. "Oga, go, I go wait."

Ó sì dúró lóòótọ́. Kí Kọ́múrédì tó yọ ẹ̀wà jíjóná kúrò lórí iná kó sì padà dé, lọ́yà wọn ti gba ìwé ilé ẹjọ́ tó dá wíwó náà dúró wá. Ẹ̀wà ló gba ṣọ́ọ̀bù náà là.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Kò rí i bí èèyàn ṣe lè máa wàásù ọgbọọgba níta kó wá di kábíyèsí nílé. Nítorí náà, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń dìbò sí: ohun tí wọ́n máa jẹ, ibi tí tẹlifíṣàn máa wà, títí dórí orúkọ ajá. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n, òun, Ọmọ́níkẹ́ àti Jọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ìyá àtọmọ a sì máa pawọ́ pọ̀ nà án mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ọwọ́ kan, Kọ́múrédì," Ọmọ́níkẹ́ a wí. "Màgòmágó nìyẹn."

"Èkejì kì í ṣe tèmi. Ti àwọn tí kò sí níbí ni."

Wọn ò kà á rí.

Jọlá dàgbà, ó ríṣẹ́ sí báǹkì, ó kó lọ sí Durumi. Sọ́ńdè nìkan ló ń wálé, ìbò ojoojúmọ́ yẹn sì ti sú u. Sọ́ńdè kan, bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ ra àyà. Ọmọ́níkẹ́ ní ọsibítù ni wọ́n máa lọ lọ́la. Kọ́múrédì ní rárá, àwọn àgbẹ̀ Abájí tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ń retí òun lọ́la.

"Ẹ jẹ́ ká dìbò," ó ní.

Ọmọ́níkẹ́ nawọ́ fún ọsibítù. Kọ́múrédì nawọ́ fún Abájí, ọwọ́ kan péré. Èkejì wà láyà rẹ̀. Jọlá rí i, kò kà á sí. Ohun tó ń rò ni pé láti kékeré, òun ò dìbò fún bàbá òun rí. Ó wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é, ó nawọ́ fún Abájí.

"Ọmọ mi ti wọ ẹgbẹ́!" Kọ́múrédì fò sókè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ròyìn rẹ̀ kárí àdúgbò.

Lábájí, ó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀. Kò dìde mọ́.

Sọ́ńdè kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Jọlá ò lè jẹun.

"Màámi, ọwọ́ mi ló rán wọn lọ."

Ọmọ́níkẹ́ gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo dá àbá pé Jọlá ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́." Ó na tirẹ̀.

Jọlá mi orí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kí ẹni tí kò fara mọ́ ọn nawọ́, ó nawọ́. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ bá na ọwọ́ kejì sókè.

"Ọwọ́ kan, Màámi," ni Jọlá wí, ẹ̀rín àti ẹkún jọ dà pọ̀ lójú rẹ̀.

"Èkejì kì í ṣe tèmi," ni Ọmọ́níkẹ́ wí.

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ kà á.