Kí Ló Wà Nínú Àpò Ìyá Máyọ̀wá?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àkànmú ti ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Lomé, iṣẹ́ náà sì ti sọ ọ́ di onífura paraku. Wọ́n á kọ "ìrẹsì" sára kọ̀nténà, táyà ló máa bá níbẹ̀. Bí èèyàn bá kí i ní bonjour báyìí, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ onítọ̀hún ná.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ọdún tuntun, Elizabeth ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò wọn ní Totsi mọ̀ sí Ìyá Máyọ̀wá, gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Máyọ̀wá, ẹ jẹ́ ká lọ sinmi ní Agbodrafo létí ọ̀sà. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó. Ìsinmi ni mo pè é."

Háà! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Àwa tí àwọn bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Lomé, òkú, ìyàwó tàbí àpéjọ ìjọ ló ń gbé wa rìnrìn àjò. Kí èèyàn kàn pa ilé rẹ̀ tì, kó lọ sùn nílé onílé! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń bára wọn gbé, obìnrin yìí ò tọrọ nǹkan kan rí. Ó dá Àkànmú lójú pé ó fẹ́ kọ òun sílẹ̀ ni, ibi tí aládùúgbò ò ti ní í gbọ́ ariwo ló ń wá. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò mọ bó ṣe máa dá gbé ayé láìsí i.

Ó pe Máyọ̀wá, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Kodjoviakopé. "Kí ni ìyá rẹ ń gbèrò?"

"Papa, ẹ lọ gbafẹ́ jàre!" Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló tún dá kún ìfura rẹ̀. Wọ́n ti jọ gbìmọ̀ pọ̀ nìyẹn.

Páńsá ò fura, páńsá já síná. Bí wọ́n ṣe dé Agbodrafo ni Àkànmú ti la ojú sílẹ̀. Nadège, ọmọbìnrin tó ń fi òróró àgbọn wọ́ ẹsẹ̀ fún àlejò ní ilé ìtura tí wọ́n dé sí, ní kó bọ́ bàtà. Ó ní rárá o, ẹni tó bá bọ́ bàtà ò lè tètè sá. Àpò dúdú kan tí ìyàwó rẹ̀ ò jẹ́ kó bá òun gbé ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ìyàwó ṣe wọ ilé ìwẹ̀ báyìí, ó fà á ṣí wàràwàrà. Ìrọ̀rí ilé wọn ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìbora. Ó tẹ ìrọ̀rí náà títí, bóyá ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wà nínú ẹ̀. Òwú ni.

Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ó jí ìyàwó rẹ̀, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ayé. "Ìyá Máyọ̀wá, ilẹ̀ ń mọ́ o. Ẹ̀kọ mi ńkọ́?"

Obìnrin náà ò la ojú. "Bàbá Máyọ̀wá, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ ti ń jí mi. Kí n lè sùn títí ojú mi á fi dá là ni mo ṣe wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́." Ó yí ìrọ̀rí rẹ̀ sódì kejì, oorun tún gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àkànmú ní akínyẹmí ara. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, kò bi í rí bóyá oorun rẹ̀ tó. Ojú tì í. Ó fẹ́ jáde, bàtà rẹ̀ dún gbà lórí sìmẹ́ńtì, ó sì dúró ṣandi.

Nígbà tí Nadège gbé tíì dé, oòrùn ti ga, Àkànmú sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ dá a dúró.

"Doucement, rọra," ló ní. "Ó ń sùn."

Ọmọbìnrin náà wo ẹsẹ̀ Àkànmú. Bàtà méjèèjì wà lórí itan rẹ̀.