Iná tí Bàbá Rahamọ Fi Omi Tàn

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin Rahamọ, lẹ́yìn tí àwọn àáfáà ti ṣe àdúà fídáù tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kígbe sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá pé, “Pa iná yẹn jàre, ọ̀sán ló pọ́n yìí!” Ife omi wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, mo ti da omi inú rẹ̀ síwájú. Ó rin ẹní, ó rin ẹsẹ̀ àáfáà kan. Wọ́n ní ọwọ́ arúgbó ló ń gbọ̀n, wọ́n bá mi nu ilẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kì í ṣe ọwọ́ arúgbó. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, mo sì ti ń gbé e kiri láti ayé Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó, nígbà tó ṣì ń gun ẹṣin kọjá níwájú ilé wa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ìka kan tan iná, tí ẹ tún ń fi ìka yẹn náà pa á, ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Ilé wa kò jìnnà sí odò Asà. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri ilé, tó ń sáré bọ́ láti orí òkúta, kó tó wá rọra lọ bá Asà nísàlẹ̀. Odò yẹn ló ń bọ́ wa. Àwọn obìnrin ilé wa ń mọ ìkòkò, àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ odò ń rẹ aṣọ sínú aró. Àmínà, ìyá mi, ló mọ ìkòkò jù nínú gbogbo wọn, kì í ṣe torí pé ó jẹ́ ìyá mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń sun ìkòkò, èéfín á bo àdúgbò, ojú gbogbo wa á máa ṣomi. Bí ìkòkò bá ti pọ́n fòò nínú iná, ìyá mi á fi ọ̀pá gígùn fà á jáde, á wọ́n omi èèpo igi irú lé e lórí. Á dún ṣàà! Èéfín á sọ, ìkòkò á dúdú, á máa dán, kò sì ní í bẹ́. Bí èmi ọmọ amọ̀kòkò ṣe mọ iná nìyẹn. Ohun tó bá pọ́n, omi là á dà lé e.

Rahamọ àti èmi, ọmú kan náà la mu. Ìyá tó bí i kú lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀, ìyá mi sì gbé e sí ọmú kejì. Bàbá rẹ̀, Sálíù, ni àbúrò bàbá mi. Bàbá Kékeré ni mo ń pè é. Ìbànújẹ́ lé e kúrò nílé. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Jọ́ọ̀s, ó lọ ṣiṣẹ́ kùsà fún àwọn òyìnbó nígbà tí Rahamọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Nígbà tí yóò fi padà, a ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Rahamọ wo ọkùnrin tó rù bí ọ̀pá yìí, ó sá sẹ́yìn ìyá mi, ó di ìró rẹ̀ mú. “Bàbá rẹ mà nìyẹn,” ni ìyá mi wí. Kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àpótí tó gbé bọ̀ wúwo. Gbogbo ilé pé lé e, olúkúlùkù ti ń yan aṣọ tirẹ̀ lọ́kàn. Nígbà tó ṣí i, irin la rí. Irin dúdú kan tó yọ lára lọ́rì tó ti kú, Bàbá Kékeré ní dáínámò ni orúkọ rẹ̀. Wáyà tí wọ́n ká jọ bí ejò. Àti agolo kan tó kún fún òwú. Láàárín òwú náà ni ó ti yọ gílóòbù kan ṣoṣo, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ẹyin. Méjì ló dì láti Jọ́ọ̀s, ọ̀kan fọ́ lójú ọ̀nà.

Láwàní, tó ń hun aṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò jẹ́ kó pẹ́. “Sálíù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ kó aṣọ bọ̀, ìwọ kó irin bọ̀. Ṣé ọmọ alágbẹ̀dẹ lo fẹ́ fẹ́ ni?”

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun rí ní kùsà ni pé omi tó bá ń jábọ́ láti òkè lè yí irin, irin náà á sì mú iná wá. Ó ní odò tó wà lẹ́yìn ilé wa yìí tó ó ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi omi tan iná nílé bàbá òun.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, bí mo bá dẹtí, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Omi! Omi tí í pa iná! Láti ọjọ́ yẹn, Sálíù Omi-tanná ni wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó kó òkúta dí odò náà ní ibi tó tóóró, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó sì fi pákó kan ṣe ilẹ̀kùn tó lè fà sókè sódò kí omi lè pọ̀ tàbí kó dín. Ó kan àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá kan. Ìyá mi mọ ife amọ̀ tó so mọ́ ọn yí ká. Omi á rọ sínú ife, ife á wúwo, kẹ̀kẹ́ á yí. Awọ màlúù tó gùn ló so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ dáínámò. Tí ife bá fọ́, ìyá mi á mọ òmíràn, á máa bú u: “Sálíù, amọ̀ tí n bá fi mọ ìkòkò ọbẹ̀ lo ń fi fún odò jẹ.”

Rahamọ ló ń kó òkúta. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Lọ́jọ́ kìíní, ó kó òkúta, ó jù ú sílẹ̀, ó sá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ti ń jókòó lórí ìdènà omi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò, tó ń bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè tí kò lópin. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é ní Bàbá. Ọkùnrin náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní omi ta sí òun lójú. Ó wá sọ fún un pé, “Tí iná yìí bá dúró, n ò ní padà sí kùsà mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó wà.” Rahamọ gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé, ó ń sọ ọ́ fún mi lórí ẹní títí oorun fi gbé mi lọ. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń kírun, mo mọ ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún.

Ìyá Sàfú aláró ló kọ́kọ́ mú ẹjọ́ wá. Ó ní láti ìgbà tí Sálíù ti dí odò, ìdajì omi ni ń dé ìsàlẹ̀, ìkòkò aró òun kò kún mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà Yaháyà, olórí ilé wa, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi bi Sálíù wò, ṣé iná rẹ̀ ni kí n fi rẹ aṣọ oníbàárà?” Kò purọ́. Èmi kò bínú sí i rí.

Bàbá Àgbà ronú, ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ yípo, ó wá ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, òun á pe àwọn àgbà. Bí iná Sálíù bá tàn láti ìrun Mọgaribi títí di ìrun Iṣai láìkú, a jẹ́ pé ó wúlò, a ó wá ọ̀nà tí omi yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wó ìdènà náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní Jímọ́ọ̀ yẹn, òjò rọ̀ sí apá òkè odò lọ́sàn-án. Ọ̀dọ̀ wa kò rí ju ìrì lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fi ọkàn sí i. Àwọn àgbà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá Kékeré ti so gílóòbù rẹ̀ kọ́ sára òpó kúkúrú tó wà lẹ́bàá ibi àlùwàlá, kò ga ju orí mi lọ, ó sì ti lọ sídìí pákó rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Bí a bá kígbe, ó ń gbọ́ wa, àwa náà ń gbọ́ ọ. Rahamọ àti èmi ni wọ́n ní kí a bu omi àlùwàlá fún wọn, bútà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wa.

Iná náà tàn. Kò ju ojú ológbò lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá mọ́ sí i. Bàbá Àgbà sọ pé “Sùbúhánà-Lláhì!” Láwàní gan-an dákẹ́. Mo wo Rahamọ, ó ń da omi sí àgbàlagbà kan lẹ́sẹ̀ láìwo ẹsẹ̀ náà, ojú rẹ̀ wà lára iná, ó ń da omi náà títí bútà rẹ̀ fi gbẹ.

Omi òkè odò sì dé. A kò rí i; iná ló sọ fún wa. Ó mọ́lẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀ sí i, ó funfun débi tí a kò lè wò ó mọ́. A gbọ́ tí Bàbá Kékeré ń kígbe lẹ́yìn ògiri pé, “Ẹ pa iná! Ẹ tètè pa iná!”

Ohun tó ń wí ni kí wọ́n yọ wáyà. Ó ti fi han Láwàní, pé bí a ti ń pa iná òyìnbó nìyẹn, a kì í fi nǹkan kan kàn án. Ṣùgbọ́n kò fi han èmi. Èmi ni mo súnmọ́ ọn jù. Wọ́n ní kí a pa iná, iná pọ́n, omi sì wà lọ́wọ́ mi.

Ó dún páà. Ibi gbogbo ṣókùnkùn.

Nígbà tí wọ́n gbé fìtílà dé, èmi àti Rahamọ la dúró sídìí òpó, nítorí òun náà ti sáré wá síbẹ̀. Bàbá Kékeré wọlé pẹ̀lú omi títí dé itan. Ó wo àfọ́kù gílóòbù nílẹ̀, ó wo omi tó wà lára òpó. “Ta ló da omi sí i?”

Láwàní gba bútà ọwọ́ Rahamọ, ó dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́. Ó gba tèmi, ó mì í, ó gbọ́ tí omi ń ró nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo dà kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ. Ó ní, “Bútà ti jẹ́rìí.”

Mo ní ẹnu. Mo ṣí i, mo tún pa á dé.

Bàbá Kékeré kò na Rahamọ. Ì bá sàn kó nà án. Ó kàn wò ó, ó ní, “Rahamọ. Ìwọ náà.” Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Wọ́n wó ìdènà náà láàárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Kékeré gbé àpótí òfìfo lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin nígbà tí Rahamọ wà lódò. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ránṣẹ́ wá pé ilẹ̀ wó lé e lórí nínú ihò kùsà.

Bóyá gílóòbù yẹn ì bá bẹ́ náà láìsí omi mi. Nígbà tí mo dàgbà, ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ iná sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kò tù mí nínú.

Láwàní ló sọ Rahamọ ní Panápaná. Orúkọ náà tẹ̀ lé e lọ sílé ọkọ. Nígbà tó fi máa darúgbó, ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ti tán, kò ku ẹnikẹ́ni bí kò ṣe àwa méjèèjì. Níbi fídáù, àáfáà kan wàásù lórí rẹ̀. Ó ní Ìyá Panápaná, tó ń pa iná ìjà láàárín ẹbí, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ló fún un ní orúkọ náà. Àwọn ènìyàn ń ṣe àámínà. Èmi náà ṣe àámínà.

Nígbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, mo lọ bá a. Mo lé àwọn ọmọ jáde. Mo ní, “Rahamọ, lọ́jọ́ yẹn, èmi ni.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Mo rí ọ.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí.

Ó ní, “Ta ló bi mí? Bútà ni wọ́n bi.” Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú, ó ní kí n gbé ìrọ̀rí sókè fún òun.

Odò yẹn ti di gọ́tà báyìí, ọ̀rá ló kún inú rẹ̀, ilé sì ti bo ibi tí a ń sun ìkòkò. Kò sí aláró mọ́ nísàlẹ̀. Iná pọ̀ lórí òpó káàkiri Ìlọrin, bí kò tilẹ̀ fẹ́ràn àtimáa tàn. Ẹnikẹ́ni kò rántí pé ọkùnrin kan ti fi ife amọ̀ àti awọ màlúù tan iná ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa kí èyí tó dé. Ohun tí kò yí padà ni pé ọmọ tó mọ òótọ́ ṣì ń dúró síbẹ̀, ẹ kì í bi í, bútà lẹ ṣì ń yẹ̀ wò.

Àwọn ọmọ Rahamọ ti kọ ọ́ sára òkúta ibojì rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ dáadáa: Alhaja Rahamọ, Ìyá Panápaná. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi lọ pa orúkọ kejì yẹn rẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ tọ́jú ọ̀dà náà, ẹ ó fi kọ ọ́ sára òkúta tèmi.